Ta ló ya ọjà Ìbàdàn yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Washington ló fi fọ́tò àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "Street to Mbari" ni wọ́n pè é, Jacob Lawrence ló yà á. Bí mo ṣe wò ó báyìí, ọjà Ìbàdàn ni mo rí! Mo wá orúkọ ọkùnrin náà lórí fóònù, mo rí réluwéè, mo rí kápẹ́ńtà, mo rí ọsibítù, mo tún rí ogun Haiti. Ṣé ẹnì kan náà ló ya gbogbo ẹ̀? Kí ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa? (Ìyá kan, Òkè-Àdó, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an ni, Mà. Ẹnì kan náà ni o, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè, torí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀ ọ́n.

Èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ni, 1917 ni wọ́n bí i, ọmọ ọdún 13 ló wà tí ìyá ẹ̀ kó wọn wá sí Harlem ní New York. Ìyá ń lọ síbi iṣẹ́, ló bá fi ọmọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn skúùlù, ibẹ̀ ni Charles Alston ti di tíṣà ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ya ìtàn Toussaint L'Ouverture tó jà fún òmìnira Haiti, ó rí i pé àwòrán kan ò lè gba ìtàn yẹn, ló bá ya 41, ó parí ẹ̀ ní 1938, kò tíì ju ọmọ ọdún 21 lọ.

Réluwéè tẹ́ ẹ rí yẹn, 1940 sí 1941 ló yà á, 60 ni gbogbo ẹ̀. Ìtàn àwọn èèyàn dúdú tó kó ẹrù kúrò ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá ni: kòkòrò ti jẹ òwú lóko, wọ́n ń so èèyàn rọ̀ sórí igi láìsí ẹjọ́, ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ń wá òṣìṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ wo bó ṣe ṣe é o: kò ya ọ̀kan tán kó tó mú ìkejì, gbogbo 60 ló tò sílẹ̀ pọ̀, tó bá ti po dúdú, á fi kun gbogbo ibi tí dúdú máa wà nínú gbogbo wọn, á wá bọ́ sórí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi parí, ìdí nìyẹn tí pupa inú àkọ́kọ́ àti pupa inú ìkẹyìn fi jọra. Gwendolyn Knight tó padà fẹ́, òun náà ayàwòrán ni, ló bá a tọ́jú àwọn pákó tó ya àwọn àwòrán náà sí.

Ogun Àgbáyé Kejì gbé e wọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etí òkun. Nígbà tó yá, àárẹ̀ ọkàn gbé e dé ọsibítù ní 1949, ó sì ya ohun tó rí níbẹ̀, kò fi pamọ́, mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an fún ìyẹn. Ti kápẹ́ńtà, àtìgbà èwe ló ti ń bá àwọn oníṣẹ́ igi rìn ní Harlem, ó tún máa ń kó ayùn àti ìfági jọ sílé.

Ọdún 1962 ló kọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ ní Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, n'Ìbàdàn àti l'Ékòó. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá mú ìyàwó padà wá ní 1964, wọ́n lò tó oṣù 8. Ẹ tún fọ́tò yẹn wò dáadáa: òrùlé páànù, aṣọ títà, ẹrù lórí àwọn èèyàn, títì kún fọ́fọ́. Ẹ̀bá Dùgbẹ̀ kúkú ni Mbari wà. Bó ṣe ya àwọn ará Harlem náà ló ṣe ya àwa náà, èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ni ojú ẹ̀ máa ń wá.

Ó kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Seattle láti 1971, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 2000. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé National Gallery of Art ní Washington níbẹ̀ ló ni àwòrán ọjà wa yẹn, pé ìdajì nínú 60 yẹn náà wà nínú ìlú kan náà, ní Phillips Collection. New York ló kó ìdajì tó kù, ó dùn mí pé wọ́n pín in. Tó bá dé Phillips, kó wá àkọ́kọ́ pàá nínú 60 yẹn: èrò ń tì ara wọn wọ ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ní stéṣọ̀n, wọ́n kọ Chicago, New York àti St. Louis sókè.