Windows 7 ló wà lórí kọ̀ǹpútà wa: ṣé ewu wà níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé, tí a sì ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni, Windows 7 ló wà lórí gbogbo wọn, wọn kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Ọmọ mi ní kí n má fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣé antivirus tí mo rà kò tó ni?
Ìyá oníṣọ́ọ̀bù

ÌDÁHÙN: Kò tó, Ìyá wa. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 7. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ṣì wà nínú Windows tuntun. Bí wọ́n bá dí ihò kan nínú tuntun, àwọn olè á yẹ àtúnṣe náà wò fínnífínní, wọn á mọ ibi tí ihò wà, wọn á sì gba ibẹ̀ wọ ti àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dí. Antivirus dà bí ọdẹ tó jókòó sí géètì nígbà tí ògiri ẹ̀yìnkùlé ti wó.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni àtúnṣe tí ì bá dá kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry dúró jáde. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ló jà, Windows 7 tí wọn kò tún ṣe ló sì pọ̀ jù nínú èyí tó mú. Ó ti fáìlì wọn pa, ó ní kí wọ́n sanwó. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Láti orí kọ̀ǹpútà kan ló ń fò sórí èkejì tí wọ́n jọ so pọ̀. Mẹ́ta yín ńkọ́?

Ewu wà nínú fláàṣì tí oníbàárà ń mú wá pẹ̀lú. Lásìkò Ojúde Ọba, tí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń kó ìwé ètò wá, bí ẹ bá rí fódà tó ní ọfà kékeré ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́: kòkòrò ló sábà máa ń fara pa mọ́ síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín sórí hard disk kan, kí ẹ sì yọ ọ́ ní kété tó bá parí. Èyí tó bá wà lára kọ̀ǹpútà ni kòkòrò ń tì pa pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sá lọ sórí Windows 10, òun náà ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) 4GB àti TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kékeré inú kọ̀ǹpútà), èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Linux Mint, ètò mìíràn tí ẹ lè fi rọ́pò Windows, kò gba owó, RAM 2GB àti àyè 20GB tó o. Ẹ fi sórí fláàṣì, ẹ fi tan kọ̀ǹpútà láì pa ohunkóhun rẹ́, kí ẹ tẹ ojú ìwé kan. Bó bá jáde dáadáa, ẹ fi sí i. Bí printer yín kò bá gbà, ẹ fi kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ fún ìtẹ̀wé nìkan láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wá ọ̀kan tó gba Windows 11 fún JAMB àti báńkì.