Rọ́bà àyà ń yọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé a rán an

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni rọ́bà tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kúrò nínú àyà ti yọ lára aláìsàn ní wọ́ọ̀dù wa, bẹ́ẹ̀ a rán an mọ́ awọ ara, òwú ò sì já. Kí la ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ rán. Bí òwú bá ṣì wà nínú awọ tó jẹ́ pé rọ́bà nìkan ló jáde, kókó ara rọ́bà lẹ́bi. Bí òwú bá bá rọ́bà jáde, awọ tí abẹ́rẹ́ mú ló kéré.

Òwú sílíkì nọ́ńbà 0 tàbí 1 ni kẹ́ ẹ lò. Náílọ́nù máa ń yọ̀ lára rọ́bà, kókó rẹ̀ sì máa ń tú. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ fi kókó kún un. Bí ojú ibẹ̀ ò bá kú mọ́, ẹ tún fún aláìsàn ní lídókéènì 1%, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú kó má bàa dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ ka èyí tẹ́ ẹ lò nígbà tẹ́ ẹ ń ki rọ́bà bọlé mọ́ ọn: kí àpapọ̀ rẹ̀ má kọjá mílígíráàmù 3 fún kílò kan ìwúwo ara aláìsàn.

Ẹ nu rọ́bà gbẹ kẹ́ ẹ tó ta ohunkóhun mọ́ ọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ń mú un yọ̀. Ẹ gún awọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, kí abẹ́rẹ́ dé inú ọ̀rá abẹ́ awọ kó tó jáde. Kókó àkọ́kọ́, orí awọ ni, kó sì dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu fọ́sẹ́ẹ̀pù, ìyẹn ẹ̀mú, á gba abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kánjú á fún un títí awọ á fi funfun. Awọ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á kú, òwú á sì gé e já.

Ẹ má gé òwú o. Ẹ mú apá kan gba ọ̀tún, apá kejì gba òsì, kí wọ́n pàdé lódìkejì rọ́bà, kẹ́ ẹ wá ta kókó tó le. Ara rọ́bà gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọlé díẹ̀. Bí ojú ihò rẹ̀ bá ti ń pa dé, ó ti pọ̀ jù. Ẹ sún sókè díẹ̀, ẹ tún yí i ká, ẹ tún ta á, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí okùn sálúbàtà tó ń gun ojúgun.

Rírán yípo ẹnu ọgbẹ́ láti fà á pọ̀, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀: ó ń dun aláìsàn, àpá rẹ̀ ò sì dáa. Òwú tẹ́ ẹ máa fi pa ọgbẹ́ dé lọ́jọ́ tí rọ́bà bá jáde, ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ rán an, lọ́nà tààrà kọjá ojú ibi tẹ́ ẹ là.

Òwú kọ́ ló yẹ kó gbé ìwúwo rọ́bà. Ẹ fi púlásítà lẹ rọ́bà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara nísàlẹ̀, pàápàá kẹ́ ẹ tó gbé aláìsàn lọ ya X-ray. Ẹ kọ nọ́ńbà sẹ̀ǹtímítà ara rọ́bà tó wà lójú awọ sínú fáìlì, kí nọ́ọ̀sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Bó bá sì ti sún jáde, ẹ má tì í padà, kòkòrò ara rẹ̀ lẹ máa tì wọnú àyà. Bí ihò ẹ̀gbẹ́ rọ́bà kan bá ti dé ìta tàbí abẹ́ awọ, rọ́bà tuntun ló kù.