Ẹ Bi Wá: Ọta Tó Sáré Tàbí Ọta Tó Kóra Jọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Texas ni mò ń gbé, ìbọn .308 Winchester ni mo fi ń pa àgbọ̀nrín. Mo ti ń fọwọ́ ara mi di ọta báyìí, olórí rẹ̀ (irin tó ń fò jáde) wọn gíréènì 168 (gíréènì ni òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn olórí àti ẹ̀tù). Tí mo bá rọ ẹ̀tù dé góńgó tí ìwé ìtọ́ni dídi ọta gbà, ó ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n ihò á fọ́n ká tó ínǹṣì 2 ní 100 yáàdì. Tí mo bá dín in kù, eré rẹ̀ á fi 100 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá rẹlẹ̀, ihò á sì kóra jọ sínú ínǹṣì 1. Èwo ni kí n mú?

Èsì: Èyí tó kóra jọ. Ká ní ọ̀kan ń sá 2,650, èkejì 2,550, tí ẹ sì ti tún awò ìbọn ṣe fún ìkọ̀ọ̀kan ní 100 yáàdì. Ní 300 yáàdì, èyí tó rọra á fi ínǹṣì kan àti díẹ̀ wálẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ yí awò sókè ní kíliìkì méjì, ó tán. Ṣùgbọ́n ínǹṣì 2 yẹn ti di 6 níbẹ̀, kò sì síbi tí ẹ máa yí awò sí tó máa kó o jọ. Àgbọ̀nrín tí ọta bá lọ́kàn kì í béèrè eré tó bá wá.

Àmọ́ ihò mẹ́ta kò tó ẹ̀rí. Ẹ yin mẹ́wàá kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ inú ìwé (ó sábà máa ń fi bí ìdá mẹ́wàá kéré sí góńgó), ẹ máa fi gíréènì 0.3 gòkè, ọta márùn-ún fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀pá ìbọn máa tutù láàárín. Níbi tí ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ léra bá ti ń bà síbì kan náà, àárín wọn ni kí ẹ mú, torí àṣìṣe òṣùwọ̀n díẹ̀ kò ní dà á rú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan bí olórí ṣe wọnú ìkarahun tó. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ìkarahun idẹ tó bá gùn ju ínǹṣì 2.015 lọ, ẹ gé e sí 2.005, tó bá gùn jù, ẹnu rẹ̀ á há mọ́ olórí, agbára gáàsì á sì ga sódì.

Bí bóòtì (irin tí ẹ fi ń ti ìdí ìbọn) bá le láti gbé, tí práímà (ohun tó ń taná sí ẹ̀tù nídìí ìkarahun) tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tí àmì dídán hàn nídìí idẹ, ẹ dúró. Ẹ tú ìyókù, ẹ má yìn wọ́n. Bí eré bá ju góńgó ìwé lọ lọ́pàá ìbọn tó gùn bákan náà, agbára ti pọ̀ jù bí àmì kankan kò tilẹ̀ hàn. Ìwọ̀n tí ẹ sì dán wò lọ́yẹ́, ooru oṣù kẹjọ Texas lè mú un kọjá ààlà.

Ìbéèrè: Ẹ̀tù H4895 mi ti tán. Ṣé kí n fi IMR 4895 rọ́pò, gíréènì kan náà?

Èsì: Rárá o! Nọ́ńbà ló jọra, jíjó wọn yàtọ̀. Ẹ padà sí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú ìwé. Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì wo inú gbogbo ìkarahun kí ẹ tó fi olórí dé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní Nàìjíríà, òfin kò gbà á kéèyàn di ọta nílé.