Ìdáhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ọ̀rọ̀ Ítálì tí ẹ lè há sórí kí ẹ tó lọ jẹun ọjọ́ Àìkú nílé àna àbúrò yín ní Napoli, ẹ pa áàpù tí ẹ fi ń kọ́ èdè yẹn tì ná. Ọdún méje ni mo fi tọ́jú màmá arúgbó kan nílùú yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní badante. Kí n tó débẹ̀, áàpù ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ọmọkùnrin ń jẹ ápù". Mo mọ̀ ọ́n sórí bí orin ìjọ. Títí di òní, n kò tíì rí ibi tí mo ti máa lò ó.

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn fẹ́ sọ kọ́ ló le nídìí tábìlì wọn. Èyí tí wọ́n máa sọ síni ló le, tí gbogbo ilé á wá máa wo ẹnu ẹni.

Ọ̀sẹ̀ kejì mi níbẹ̀, ọmọ màmá pè mí lórí fóònù lójú ọ̀nà, ó ní "Butta la pasta!" Mo mọ buttare. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ ni mo gbọ́ ọ: kéèyàn da nǹkan nù. Ọ̀rá pasta wà lórí tábìlì, a ò tíì já a rárá. Mo ní bóyá ó ti bàjẹ́ ni, mo bá gbé e jù sínú ike ìdọ̀tí. Ọmọ màmá dé, omi ń hó yaya lórí iná, kò sí pasta. Ṣé ẹ rí i, ohun tó ní kí n ṣe ni pé kí n dà á sómi, torí òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Wọn kì í se pasta kalẹ̀ de èèyàn. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ lórí iná, tó bá sì ti jókòó, ó ti bàjẹ́ lójú wọn nìyẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín lórí fóònù pé "Butto?", ẹ wo ibi tí ẹ dé kí ẹ tó dáhùn. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní "Permesso?" Àgò onílé nìyẹn. Wọ́n á ní "Avanti!", ìyẹn àgò yà. Tí wọ́n bá ní "Buon appetito", ìyẹn kí oúnjẹ dùn mọ́ yín lẹ́nu, tí ẹ jọ ń jẹun, ẹ dáhùn pé "Grazie, altrettanto", ẹ ṣeun, ẹ̀yin náà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "Vuole favorire?", tí àwọn àgbàlagbà ìhà gúúsù máa ń sọ. Bàbá kan tú búrẹ́dì rẹ̀ nínú rélùwéè, ó kọjú sí mi, ó sọ ọ́. Ẹ wá jẹun ni, bó ṣe wà nílé gan-an! Kò sì retí kí n na ọwọ́. Ẹ ní "Grazie, buon appetito", ó ti di á gba ibi ire.

Ẹ má jẹ pasta yó o. Primo lásán ni, ìyẹn àwo àkọ́kọ́. Mo jẹ àwo méjì lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ni wọ́n bá gbé ẹran dé, ewébẹ̀ tẹ̀lé e, èso tẹ̀lé e, àkàrà òyìnbó tẹ̀lé e. "Ne vuoi ancora?" ni pé ṣé kí n bù sí i. "No, grazie" kan ṣoṣo kò lè gbà yín. Ìtìjú ni wọ́n máa rò pé ó ń ṣe yín. Ẹ ní "Sono a posto così, era buonissimo", ìyẹn ó ti tó mi, ó dùn gan-an, kí ẹ sì fi ọwọ́ bo àwo. Tí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ ti yó, ọkùnrin ní "sono pieno", obìnrin ní "sono piena". Ẹnu ọkùnrin ni mo ti kọ́ tèmi, oṣù mẹ́ta ni mo fi sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin kí ẹnì kan tó ṣàánú mi.

Ẹ má pe ìyá àna ní "tu", ìyẹn ìwọ, àfi tó bá ní kí ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. "Lei" ni ti ọ̀wọ̀. Ní Napoli, àwọn àgbà mìíràn ṣì ń lo "voi", tó jẹ́ ẹ̀yin gan-an, nítorí náà kò lè nira fún ọmọ Yorùbá.

Tí ọbẹ̀ ragù bá ṣẹ́kù sára àwo, ẹ bù búrẹ́dì kí ẹ fi nù ún jẹ. Fare la scarpetta ni wọ́n ń pè é, inú ẹni tó sè é á dùn. Nílé oúnjẹ ńlá, ẹ wo ojú àwọn tó kù ná. Níbẹ̀ náà, coperto tí ẹ bá rí nínú bíìlì kì í ṣe ìrẹ́jẹ, owó ìjókòó orí kọ̀ọ̀kan ni. "Alla romana" ni ká pín owó náà dọ́gba, "offro io" ni pé èmi ni mo máa san án. Kí ẹ rí i dájú pé owó wà lápò kí ẹ tó sọ ìyẹn.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àlejò máa ń ra ìpápánu dídùn bíi sfogliatella àti babà dání, wọ́n á tò ó sínú páálí tí wọ́n ń pè ní guantiera. "Paste" lorúkọ tí wọ́n ń pe ìpápánu náà. Ìyẹn, ẹ má dà á sómi o.