Mo ti ń kọ́ni ní bàálù, ṣé mo lè fi hẹlikópítà kún un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Amẹ́ríkà ni mo wà, FAA (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀) sì ti fún mi ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ awakọ̀ bàálù. Mo fẹ́ máa kọ́ni ní hẹlikópítà náà. Ṣé àkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo máa padà sí?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìdánwò lórí ìlànà ìkọ́ni tí ẹ ti yege, ẹ ò ní í tún un ṣe, òfin FAA 61.191 ti yọ yín kúrò níbẹ̀. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ti olùkọ́ hẹlikópítà àti èyí tí ẹ máa ṣe níwájú olùyẹ̀wò ló kù.

Ṣùgbọ́n hẹlikópítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí ìwé ẹ̀rí awakọ̀ kọmáṣà yín, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí awakọ̀ lè fò gbowó. Ibẹ̀ lowó máa lọ sí jù. Nínú wákàtí 150 tí òfin béèrè, wọ́n á ka ti bàálù yín mọ́ ọn, àmọ́ ó kéré tán, 50 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti hẹlikópítà, kí ẹ sì ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ nínú rẹ̀ fún wákàtí 35. Wákàtí 15 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ti wà nínú ìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣírò rèé: ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó láti fi kọ́ni nínú Robinson R22, hẹlikópítà kékeré tí wọ́n sábà fi ń kọ́ṣẹ́. Láti 1995 ni SFAR 73, òfin àkànṣe FAA lórí ọkọ̀ yìí, ti ní kí olùkọ́ ní wákàtí 200 nínú hẹlikópítà, kí 50 jẹ́ ti R22, kí aṣojú FAA tàbí olùyẹ̀wò tí wọ́n yàn sì fọwọ́ sí i. Torí náà, 200 ni kí ẹ fi ṣètò owó, kì í ṣe 50.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo òfin yẹn bí ìyọnu lásán. Bí ìkìlọ̀ pé bàálù fẹ́ já wálẹ̀ bá dún, ọwọ́ yín ti mọ́ títi ọ̀pá síwájú. Nínú R22, bí ìkìlọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ òkè ń falẹ̀ bá dún, ẹ óò sọ ọ̀pá apá òsì kalẹ̀, ẹ óò sì fún ẹ́ńjìnnì lágbára sí i kí abẹ̀bẹ̀ má bàa rọlẹ̀. Bí ẹ bá ti ọ̀pá ọwọ́ ọ̀tún síwájú lójijì, abẹ̀bẹ̀ òkè lè gé ìrù ọkọ̀ náà. Robinson tó ń ṣe ọkọ̀ náà fúnra wọn ti kìlọ̀ fáwọn awakọ̀ bàálù lórí èyí.

Ọ̀tún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó nínú R22. Ẹ ti máa fò láti apá òsì ṣáájú ọjọ́ ìdánwò.