Eyín màmá ò pé mọ́, ẹ̀fọ́ wo ni ká máa sè fún wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìyá mi ti pé ọdún 78, Ṣágámù ni wọ́n wà. Eyín wọn ò pé mọ́, tá a bá se ẹ̀fọ́, wọ́n á jẹ ẹ́ títí, wọ́n á tu ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Wọ́n tún ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ̀fọ́ wo ló rọ̀ tó dáa fún ọpọlọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, wọ́n á jẹ èrè yín pẹ́. Nídìí iṣẹ́ oúnjẹ aláìsàn tí mò ń ṣe yìí, ohun tó ń dùn mí jù ni pé tí eyín àgbà bá ti ń yọ báyìí, ògì àti ẹ̀bà nìkan ló kù tí wọ́n á máa fún wọn, ẹ̀fọ́ á di àwátì. Ní Chicago, wọ́n tẹ̀lé àgbàlagbà 960 fún nǹkan bí ọdún 5, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2018, àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ eléwé lójoojúmọ́, ìrántí wọn ò tètè lọ sílẹ̀ bíi tàwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ìyẹn ò sọ pé ẹ̀fọ́ ń wo ìgbàgbé sàn o, àmọ́ ó tó ìdí tí kò fi yẹ kó wọ́n lábọ́ màmá.

Gbúre ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ já ewé ẹ̀ nìkan, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gé e, torí tẹ́ ẹ bá gé e tán kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, tàbí tẹ́ ẹ bọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ wá fún omi ẹ̀ dànù, folate inú ẹ̀, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn fítámì B, máa bá omi lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ dà á sórí àlùbọ́sà àti tàtàsé tó ti jinná nínú epo ṣíbí kan, ẹ dé e, ẹ má bu omi sí i, omi ara ẹ̀ á sè é. Epo díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí lutein, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú ewé, ráyè wọ ara. Ẹ fi irú sí i kẹ́ ẹ lè dín iyọ̀ àti Maggi kù, torí ìfúnpá gíga ń ba ọpọlọ jẹ́. Kẹ́ ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ abọ́: tó bá fọ́, màmá á lè jẹ ẹ́, tó bá ṣì ń fà, ẹ dá a padà síná.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ náà dáa, igi wọn ni kẹ́ ẹ yọ. Ewédú, ẹ fi ìjábẹ̀ já a dáadáa, ẹ má fi kaun sí i. Elégédé, ẹ kàn sè é kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebìrìpò tàbí ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ látilẹ̀ ni, kò béèrè eyín.

Ẹ fi ẹja tẹ́ ẹ ti ṣa egungun ẹ̀ tàbí ẹyin sí i o, torí kò sí fítámì B12 nínú ẹ̀fọ́, tí B12 bá sì kéré lára, ó lè fa ìgbàgbé. Torí náà ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ọsibítù Ọlábísí Ọnàbánjọ ò jìnnà sí yín. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lo warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó fi kún ẹ̀fọ́ wọn, tí wọ́n bá sì ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ mì, ẹ má dúró, ẹ lọ sọ ìyẹn náà.