Ewé ẹ̀gẹ́ tó ń lọ́: ẹ má tíì ra oògùn kankan

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá oko o. Ẹ ní ẹ̀gẹ́ tí ẹ gbìn lọ́nà Òmù-Àrán ń pọ́n léwé, ó sì ń lọ́, kí la lè fín sí i, àti pé ṣé ẹ lè gé igi rẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ẹni tó bá ní òun ní in, owó yín ló ń wá.

Fáírọ́ọ̀sì ni. Àwọn oníwèé ń pè é ní mosaic. Eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́ tó ń gbé abẹ́ ewé ló ń gbé e láti orí ẹ̀gẹ́ kan sí òmíràn, àwa àgbẹ̀ náà sì ń fi àdá ràn án lọ́wọ́: igi tó ti ní in tí a gé gbìn, àrùn la rì mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti dùn mí títí dòní. Lọ́dún kan, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kó igi ẹ̀gẹ́ wá fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa lápá Ìgbájà. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gá kan tí bàtà rẹ̀ ń dán gbé ìdì kan lé mi lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò lọ. Kò sẹ́ni tó sọ oko tí wọ́n ti gé e. Ewé àkọ́yọ rẹ̀ gan-an, lílọ́ ló ń lọ́ jáde. A ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ tó wà fún àgbègbè wa, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kó tó yọjú. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ní ebi ló ń pa ilẹ̀, ká da ajílẹ̀ sí i. Mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ra ajílẹ̀, mo dà á. Ẹ̀gẹ́ ò yí padà. Ẹlòmíràn tún dé láti ọ́fíìsì kan náà, ó ní eṣinṣin ni, pé òun sì ní oògùn rẹ̀ nínú báàgì. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kiri oògùn! A fín in, eṣinṣin kú, àwọn mìíràn fò wá láti oko ẹlòmíràn, fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú igi ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan. Nígbà tí a wú u, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò lọ. Àwọn ìyá tó ń ṣe gààrí wò ó, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ bó níbẹ̀. Ewúrẹ́ ìyàwó mi la tà ká tó san gbèsè alájẹṣẹ́kù. Mo sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ náà yọrí.

Ẹ wo ewé yín dáadáa kẹ́nikẹ́ni tó fi ebi ilẹ̀ tàn yín. Ti ebi ilẹ̀, ewé á pọ́n dọ́gba, àwọn tó ti gbó nísàlẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ pọ́n. Ti mosaic ò dọ́gba: apá kan tutù, apá kan pọ́n, ìka ewé á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí èyí tó kọ́kọ́ yọ nísàlẹ̀ bá ti ní in, inú igi tí ẹ gbìn ló ti wá. Bí ìsàlẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ òkè nìkan ló lọ́, eṣinṣin ló gbé e wá. Ìyẹn sàn díẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ tó ti dàgbà kó tó kó o ṣì lè ta.

Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni pé fáírọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ẹyọ kan, ẹbí ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní ACMV ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà, àmọ́ àwọn ìbátan rẹ̀ tí orúkọ wọn jẹ mọ́ ìlà-oòrùn Áfíríkà, EACMV, náà wà níbí. Bí méjì bá pàdé nínú igi kan, wọ́n á jọ borí ohun tí igi fi ń gbèjà ara rẹ̀, ìyà ẹ̀gẹ́ náà á sì ju ti ẹyọ kan lọ fíìfíì. Wọ́n tún máa ń gba ẹ̀yà ara wọn. Irú èyí tí a pò pọ̀ bẹ́ẹ̀, EACMV tó gba díẹ̀ lára ACMV, ló jà ní Uganda ní àwọn ọdún 1990 débi tí àgbẹ̀ fi pa ẹ̀gẹ́ tì ní ọ̀pọ̀ ìlú, tí ebi sì wọlé. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ará yín kan bá ń ti ìlà-oòrùn Áfíríkà bọ̀, kó má fi igi ẹ̀gẹ́ sínú ẹrù o. Wọ́n ní àrùn ẹ̀gẹ́ mìíràn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní brown streak: ewé lè má fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan hàn, àmọ́ bí ẹ bá la ẹ̀gẹ́ tí ẹ wú, inú rẹ̀ ti rà, ó ti dá kókó. A ò fẹ́ ìyẹn níbí.

Irú ẹ̀gẹ́ tó lè kojú mosaic ni TME 419 àti TMS 98/0581. Ẹ bèèrè wọn. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí kí inú mi lè rọ̀: jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú igi, tó mú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbára, CMD2 lorúkọ rẹ̀, inú ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ tiwa ni wọ́n ti rí i. TME 3 tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ Nàìjíríà ni. Nígbà tí wọ́n bá ń pè wá ní aláìmọ̀kan, wọn kì í rántí ìyẹn. Àmọ́ bí gbogbo oko bá gbára lé jíìnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bá rí ọ̀nà gbà á kọjá, gbogbo wa la wọ gàù, nítorí náà mo máa ń gbìn ju irú kan lọ.

Èyí tó ti lọ́, ẹ fà á tu nígbà tó ṣì kéré, ẹ mọ ìyẹn. Ti igi tí ẹ bèèrè: ẹ má gé èyí tó lọ́ o. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ àwọn tí kò ní àbàwọ́n nísinsìnyí, torí tí ọyẹ́ bá dé tí ewé gbọ̀n, gbogbo igi á jọra. Bí ó bá jẹ́ rírà ni, ẹ lọ wo oko náà nígbà tí ewé ṣì wà lórí. Ẹni tó bá kọ̀ láti mú yín dé oko, ẹ má ra igi rẹ̀, ì báà fi lẹ́tà ìjọba hàn yín.